Ultimate frisbee: bí a ṣe ń yanjú àríyànjiyàn òfin nígbà tí kò sí rẹfirí lórí pápá

Nínú ọ̀pọ̀ eré ìdárayá tí ẹgbẹ́ méjì ti ń figagbága, ẹnì kan máa ń wà lórí pápá tó fi fèrè sẹ́nu, ohun tí ó bá sì sọ ni abẹ gé, ìbáà dùn mọ́ ẹgbẹ́ kan tàbí kí ó bí wọn nínú. Ultimate frisbee, eré tí ẹgbẹ́ méjì ti ń ju àwo pẹlẹbẹ láàárín ara wọn láti gba ayò, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti orí ìdíje àwọn ọ̀dọ́ títí dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé, àwọn eléré fúnra wọn ni wọ́n ń pe fáòlù, àwọn náà ni wọ́n ń sọ bóyá àwo jáde tàbí kò jáde, àwọn náà ni wọ́n sì ń jíròrò rẹ̀ láàárín ara wọn bí èrò wọn kò bá dọ́gba. Bí àwọn tó ń wo eré yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kò gbá a rí ń rí i tí eléré méjì dúró ti ara wọn, tí wọ́n ń ṣàlàyé fún ara wọn nígbà tí ayò ku ẹyọ kan péré, tí wọ́n sì ń béèrè pé ta ló ń dájọ́ yìí gan-an, kí sì nìdí tí wọn kò fi gbé rẹfirí wá kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ nínú awuyewuye tí à ń rí kì í ti inú irọ́ wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà jẹ́ pé ojú àwọn eléré kò ríran dáadáa. Ohun tó ń fà á ni pé wọ́n mọ bí a ti ń pe fáòlù, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìpè náà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Fún ẹni tí eré náà ṣàjèjì sí, eléré méje ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń kó sórí pápá. Pápá náà gùn tó 100 mítà, ó sì fẹ̀ tó 37, a sì ya mítà 18 sọ́tọ̀ ní ìkángun kọ̀ọ̀kan fún agbègbè góòlù. Àwo tí wọ́n ń jù wọ̀n ní gíráàmù 175. Ẹni tí àwo bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé e sáré. Ó gbọ́dọ̀ jù ú sí ẹlòmíràn kí adènà tó dojú kọ ọ́ tó ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tán. Bí àwo bá bọ́ sílẹ̀, tí ó bá jáde, tàbí tí adènà bá gbà á, ó di ti ẹgbẹ́ kejì. Bí ẹnì kan bá gbà á nínú agbègbè góòlù tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọlù, ayò kan nìyẹn, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ dé ayò 15 ló sì sábà máa ń borí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Columbia High School ní ìlú Maplewood, ní ìpínlẹ̀ New Jersey lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n dá eré náà sílẹ̀ lọ́dún 1968. Lónìí, àjọ àgbáyé tí a mọ̀ sí WFDF (World Flying Disc Federation), tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, ní ìwé òfin tirẹ̀. USA Ultimate, àjọ eré náà ní Amẹ́ríkà, náà ní tirẹ̀ fún ìdíje abẹ́lé níbẹ̀. Ìwé òfin méjèèjì jọra gan-an, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìkan náà, nítorí náà òfin WFDF ni mo máa dúró lé jù nínú àlàyé yìí.

Orí ohun tí wọ́n pè ní Ẹ̀mí Eré ni gbogbo òfin náà dúró lé, òun ló sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé òfin. Ó gbà pé kò sí eléré tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin. Ó ní kí olúkúlùkù mọ òfin, kí ó sọ òótọ́, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó rí ní ṣókí, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó ń bá a figagbága sọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìwà rere lásán nìyí, ṣùgbọ́n òfin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ ró: bí ìjíròrò bá ti parí tí àwọn eléré kò sì lè fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, àwo yóò padà sọ́wọ́ ẹni tó jù ú kẹ́yìn kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òfin yìí kò wá òtítọ́ dé ìdí. Ó gbà pé ènìyàn méjì lè jẹ́ olóòótọ́ kí wọ́n sì rí ohun kan náà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà ó yí ọwọ́ aago padà díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tún un jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù. Olùgbà kan fò lélẹ̀, ó na ọwọ́, àwo sì wà ní ìka rẹ̀ nígbà tí ó dìde. Adènà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní òun rí i tí àwo kan koríko kí ọwọ́ tó dé abẹ́ rẹ̀. Ìwé òfin sọ pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà níbi tó ti lè rí i jù ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù, kì í sì í ṣe olùgbà ni ìyẹn nígbà gbogbo, nítorí ẹni tó ń fò lélẹ̀ lè máà rí àwo mọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn. Òun náà lè bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró nítòsí léèrè. Ohun tí a ń béèrè gan-an kì í sì í ṣe pé bóyá àwo kan ilẹ̀ rárá, bí kò ṣe pé bóyá ó ti wà lábẹ́ àkóso ọwọ́ kí ó tó kàn án. Bí ọwọ́ bá ti bọ́ sábẹ́ àwo tí kò yí mọ́ kí ó tó dé ilẹ̀, a ti gbà á. Bí ó bá ṣì ń yí lórí ìka, a kò tíì gbà á, bó ti wù kó dà bíi pé ó ti wà lọ́wọ́. Bákan náà, ẹni tó bá gbà á lókè gbọ́dọ̀ dì í mú títí tí ìṣubú rẹ̀ yóò fi parí. Bí ó bá balẹ̀ tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lu ilẹ̀ tí àwo sì já bọ́, kò gbà á nìyẹn.

Kíkà ni orísun àṣìṣe kejì, mo sì rò pé òun ló ń mú kí àwọn eléré tuntun dà bí ẹni tó ń tan ara wọn jẹ nígbà tí wọn kò tan ẹnikẹ́ni. Adènà tó ń kà gbọ́dọ̀ wà láàárín mítà mẹ́ta sí ẹni tó ní àwo, kí ó sì máa kà láìyára ju ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan lọ. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe iye kẹwàá kí àwo tó kúrò lọ́wọ́, àwo di ti ẹgbẹ́ tó ń dènà. Wàhálà kò sí níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó wà ni iye tí a óò ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ìpè bá ti dá eré dúró. Bí ẹgbẹ́ tó ń dènà bá ṣe fáòlù tí wọ́n sì gbà pé àwọn ṣe é, a óò padà sí ení. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó ní àwo tí wọ́n sì gbà, a kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó ju mẹ́sàn-án lọ. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní àkókò ti tán tí ẹni tó ní àwo sì takò ó, kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ. Fún gbogbo ìpè yòókù, títí kan fáòlù tí wọ́n takò, kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́fà.

Gbólóhùn náà "kò gbọ́dọ̀ ju" ni àwọn ènìyàn kì í kà dáadáa. Ọ̀pọ̀ rò pé lẹ́yìn fáòlù tí a takò, láti mẹ́fà ni a máa ń bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kó rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tó kẹ́yìn tí a pè tán kí ìpè tó wáyé ni a óò fi ẹyọ kan kún, bí èyí bá sì kéré ju mẹ́fà lọ, òun ni a óò lò. Adènà tó ti ka mẹ́ta kí fáòlù tó wáyé yóò bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́rin. Èyí tó ti ka mẹ́jọ yóò sọ̀kalẹ̀ wá sí mẹ́fà. Ẹni tí kò mọ èyí, tó wá gbọ́ tí alátakò rẹ̀ ń pariwo "mẹ́fà" nígbà tí mẹ́rin ló tọ́, yóò rò pé wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n gba ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ́wọ́ òun. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí iye náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀ padà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Kíkà kánkán tún ní ìlànà tirẹ̀. Bí ẹni tó ní àwo bá rí i pé adènà ń kà yára jù, yóò pè é, eré kò sì ní dúró: adènà yóò fi ẹyọ kan dín iye tó pè kẹ́yìn, yóò sì máa bá kíkà lọ láti ibẹ̀. Bí kíkà náà bá yára ní ìparí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ní àwo kò fi rí àyè pè é, òfin fún un láyè láti takò ìdájọ́ pé àkókò ti tán.

Ibi tí ọ̀ràn ti nípọn jù lọ ni ìgbà tí ẹnì kan bá pe fáòlù nígbà tí àwo wà nínú afẹ́fẹ́. Ìrònú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé bí a bá ti gbọ́ ìpè, kí gbogbo wa dúró. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí àwo bá ti kúrò lọ́wọ́, tàbí tí ẹni tó mú un ti wà lẹ́nu jíjù ú, eré yóò máa lọ títí tí àwo yóò fi dúró sọ́wọ́ ẹnì kan tàbí tí yóò fi bọ́ sílẹ̀. Ìgbà náà ni a óò wá béèrè pé ẹgbẹ́ wo ló pe ìpè, ẹgbẹ́ wo sì ni àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Bí ẹgbẹ́ tó pè é bá ni àwo bọ́ sí lọ́wọ́, a kò ní dá ohunkóhun padà, nítorí kò sí ohun tí ìrúfin náà gbà lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, eré yóò dúró, ìbéèrè kan yóò sì kù: ṣé ohun tí wọ́n pè náà ló fa àbájáde yìí? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwo padà sọ́wọ́ ẹni tó jù ú, olúkúlùkù sì padà síbi tí ó wà. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ dúró.

Ẹ wo bí èyí ṣe ń rí nínú ohun tí wọ́n ń pè ní pick. Ó máa ń wáyé bí adènà bá ń ṣọ́ ẹnì kan, tí eléré mìíràn sì dínà mọ́ ọn tí kò fi lè tẹ̀ lé ẹni tí ó ń ṣọ́. Láti sọ pé ó ń ṣọ́ ọ, ó gbọ́dọ̀ wà láàárín mítà mẹ́ta sí i, kí ó sì máa gbéra bí ẹni náà ṣe ń gbéra. Òfin tilẹ̀ gbà á láyè láti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ó tó pè é, kí ó lè mọ̀ bóyá ìdínà náà ní ìtumọ̀ sí eré. Ẹ jẹ́ ká sọ pé adènà kan pe pick ní apá òsì pápá, àmọ́ àwo ti gbéra lọ sí apá ọ̀tún, wọ́n sì gbà á ní agbègbè góòlù. Adènà náà kò lè dé ibẹ̀ bí ìyẹ́ tilẹ̀ hù sí i lára. Ohun tó tọ́ ni kí ó sọ fúnra rẹ̀ pé ìpè òun kò kan ayò náà, kí ayò sì dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ń ṣọ́ gan-an ni wọ́n ju àwo sí, àwo gbọ́dọ̀ padà, bí ìgbàmú náà tilẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹwòran ti dìde pàtẹ́wọ́. Ìpè kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu, àbájáde méjì. Ẹni tó ń wò láti ìta yóò ní òfin ń yí padà.

Ìrìn àìtọ́, tí wọ́n ń pè ní travel, tún ní ẹ̀gbẹ́ kan tí kò dọ́gba, mo sì fẹ́ràn ọgbọ́n inú rẹ̀. Bí ẹni tó ní àwo bá gbé ẹsẹ̀ tí kò yẹ kí ó gbé, tí adènà sì pè é, tí òun náà sì ju àwo lẹ́yìn ìpè, ohun méjì lè ṣẹlẹ̀. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbà á, àwo yóò padà wá, nítorí kò yẹ kí ẹni tó rú òfin jèrè lórí rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, ó ti bọ́ nìyẹn, àwo di ti ẹgbẹ́ kejì. A kò ní fi ìrúfin rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ àbájáde jíjù tí kò dára.

Lórí ìfarakanra, gbólóhùn tí mo rò pé ó ti ba ìjíròrò jẹ́ jù lọ ni "èmi ni mo kọ́kọ́ kan àwo." Àwọn eléré máa ń sọ ọ́ bíi pé òun ló parí ẹjọ́. Kò parí rẹ̀. Bí adènà bá fò láti ẹ̀yìn, tí ó gbá àwo sọnù, tí ó sì wá fi gbogbo ara rẹ̀ lu olùgbà, fáòlù ni ìyẹn lè jẹ́ síbẹ̀, nítorí ohun tí òfin ń wò ni ẹni tó fa ìfarakanra náà àti bóyá ó ṣe é yẹra fún, kì í ṣe ìka ta ni ó kọ́kọ́ kan àwo. Olúkúlùkù ló ni òfuurufú tó wà lókè orí rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá fò láti ẹ̀gbẹ́ wọ inú òfuurufú ẹlòmíràn ló gbé ẹ̀bi. Ìfarakanra kékeré tí kò yí ohunkóhun padà, a kì í pè é. Ní ìdàkejì, eré eléwu jẹ́ fáòlù bí ara kò tilẹ̀ kan ara rárá: bí olùgbà bá ní láti yẹ̀ sẹ́yìn kí ẹni tó ń já bọ̀ láìbìkítà má baà lù ú, kò ní láti fi egungun rẹ̀ ṣe ẹ̀rí kí ó tó pè é.

Ọ̀rọ̀ ìlà rọrùn ju èyí lọ. Ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá jẹ́ ti ìta, nítorí náà ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kàn án ti jáde. Ìlà góòlù jẹ́ ti àárín pápá, nítorí náà ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ balẹ̀ lórí rẹ̀ kò tíì gba ayò wọlé. Àwo lè fò jáde kí ó sì yí padà wọlé láìsí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá fò láti inú pápá, tí ó mú àwo lókè ìta, tí ó sì jù ú padà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀, ohun tó ṣe bófin mu, ó sì wà lára ohun tó dùn wò jù lọ nínú eré yìí.

Ní báyìí, ṣé ó yẹ kí eléré máa bá a lọ ní dídájọ́ ara rẹ̀? Àwọn tó ní kò yẹ ní ẹ̀rí kan tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ẹgbẹ́ kan bá pàdánù àwo, tí ẹnì kan nínú wọn sì pe fáòlù tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tí alátakò sì takò ó, àwo yóò padà sí wọn lọ́wọ́. Èyí já sí pé ẹni tó bá purọ́ kò pàdánù ohunkóhun lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá sọ òótọ́ ló ń fi àwo sílẹ̀. Ìdáhùn WFDF sí èyí ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń fún ẹgbẹ́ kejì ní máàkì Ẹ̀mí Eré lẹ́yìn ìdíje, lórí ohun márùn-ún: ìmọ̀ òfin, fáòlù àti ìfarakanra, àìṣojúsàájú, ìkóra-ẹni-níjàánu, àti bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láti òdo sí mẹ́rin ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì sì ni ti ìwà tó bá ojú mu, èyí tó ń mú kí mẹ́wàá jẹ́ máàkì ìdíje tó lọ bó ṣe yẹ. Àjọ náà tún ṣètò ìdánwò òfin lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn eléré, ó sì ṣe àmì ọwọ́ fún ìpè kọ̀ọ̀kan, èyí tó wúlò gidigidi nígbà tí ẹni tó ń sọ èdè Japan bá pàdé ẹni tó ń sọ èdè Jámánì ní àṣekágbá.

Àwọn àjọ mìíràn gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìdíje ńlá ti USA Ultimate, àwọn alákìíyèsí wà tí wọ́n ń pe ìlà àti àkókò fúnra wọn, tí ìdájọ́ wọn sì jẹ́ àṣẹ bí eléré bá gbé àríyànjiyàn wá síwájú wọn. Àwọn olùbádámọ̀ràn tí WFDF ń lò ń sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí òfin wí, ṣùgbọ́n ọwọ́ eléré ni ìpinnu ṣì wà. Líìgì alámọ̀já ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, tó sì ń jẹ́ UFA (Ultimate Frisbee Association) láti ọdún 2024, gbé rẹfirí sórí pápá pátápátá, ó sì dín kíkà kù sí ìṣẹ́jú àáyá méje. Síbẹ̀, àwọn náà fi àyè sílẹ̀ fún eléré láti yí ìdájọ́ rẹfirí padà bí ó bá jẹ́ pé yóò pa ẹgbẹ́ tirẹ̀ lára.

Lọ́dún 2015 ni Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé fọwọ́ sí WFDF gẹ́gẹ́ bí àjọ tí ó dá mọ̀, láti ìgbà náà ni àwọn kan sì ti ń sọ pé ojú òpó Òlíńpíìkì kò ní gba eré tí kò ní adájọ́. N kò rò pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Fún ìlà àti fún kíkà, ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lè ṣe é dáadáa, mo sì gbà pé ó yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n láti dájọ́ pick, ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí adènà kọ̀ọ̀kan nínú méje ń ṣọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá náà, àti bóyá ó ṣì ń tẹ̀ lé e tàbí ó ti yí ọkàn rẹ̀ padà sí ẹlòmíràn. Adènà náà nìkan ló mọ ìyẹn, òun náà ni rẹfirí yóò sì ní láti bi léèrè.